Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Kò Mọ Ìgbà Tó Yó

                                                  Àjà Kejì, Ilé Aláwọ̀ Eérú,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                                  Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹwàá.

Jọ́gíráfì, ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí kì í gbó,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ tí o ní wọ́n ti sọ pálọ̀ rẹ di pápá ìṣeré? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ti ń gbọ́ràn sí oògùn lẹ́nu, àbí o ṣì ń bá dókítà jiyàn bí o ṣe máa ń bá ọ̀gá ilé-ìwé wa jiyàn nígbà tí a jọ ń ṣe tíṣà? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó máa ń ké tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju gbogbo bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Má wo bí ìwé mi ṣe rí wúruwùru. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, lórí àpótí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń jókòó lé nígbà tí wọ́n ṣì ń ránṣọ. Etí kan wà lára ẹ̀rọ, etí kejì wà ní yàrá wọn. Ọ̀la ni ọmọ wọn ń bọ̀, ọkàn mi ò sì tíì wá sílẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú tí egungun ìbàdí wọn fi ṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Dókítà ti ṣe tirẹ̀, ó ní egungun ti jinná, ó ku kí wọ́n dìde. Wọ́n kọ̀, wọn ò dìde. Ilé ìwòsàn wá rán ọ̀gbẹ́ni kan sí wa tó ń kọ́ èèyàn ní ìrìn. Olùkọ́ Ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́. Ọmọlúwàbí ni, kò lábùkù kan àfi pé ó máa ń pàtẹ́wọ́. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá mi ìka ẹsẹ̀ kan báyìí, á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ẹ káre, Màmá, ẹ káre, ẹ tún un ṣe fún wa." Ẹ̀gbọ́n mi á kàn kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kó má ṣe wàhálà mọ́, ẹsẹ̀ àwọn ò gbé àwọn mọ́, kó lọ máa kọ́ ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, orí ibùsùn ni wọ́n wà. Àtidé ilé ìwẹ̀ ti di ìrìn àjò, a kì í sì í fìgbà gbogbo débẹ̀ lásìkò. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni mo ń fọ aṣọ ibùsùn wọn, nígbà míràn mo máa ń tún un fọ̀ nírọ̀lẹ́. Mi ò ráhùn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, èmi kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni.

Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì, tó sì máa ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n wá yáwó, ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó fi àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: òdòdó, àga onítìmùtìmù, àwọn arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pàṣẹ ẹ̀rín fún. Ó wá pè mí. Ó ní, "Àǹkù, ẹ̀yin náà ti dàgbà. Báwo ni àgbàlagbà méjì ṣe fẹ́ máa tọ́jú ara wọn? Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Tí mo bá rí i pé agbára yín ò ká a mọ́, ọjọ́ yẹn náà ni mò ń gbé Màmá lọ." Mo ní agbára mi ká a. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti yàrá, wọ́n ní, "Tíṣà, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ síbi tí gbogbo èèyàn á ti máa pè mí ní Màmá, tí ẹnì kankan ò ní mọ orúkọ mi." Mo ṣèlérí fún wọn. O mọ̀ mí, èmi kì í ṣèlérí púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni ẹ̀rọ wá yàn láti ya wèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wọn àti ilé ìdáná, kò sì sí ohun tó ń fò lẹ́yìn ògiri yẹn tí wọn kì í gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní, "Tíṣà, ta ló ń tọ̀ sínú ẹ̀rọ yẹn?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń tọ̀, mi ò tíì tan ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn." Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, omi wà nílẹ̀ àgbá inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò fi aṣọ kankan síbẹ̀. Mo fà á dànù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún ti wà níbẹ̀, ó sì ti pọ̀ sí i. Ní ọjọ́rú, ó kún, ó ṣàn jáde, ó gba abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì lọ kí Alága.

Alága ń gbé nísàlẹ̀ wa. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, tó bá sì fẹ́ kí ọ káàárọ̀, á kọ́kọ́ kí ìgbìmọ̀. Ó gòkè wá pẹ̀lú áńkáṣíìfù lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tó dúró sórí pèpéle. Ó ní, "Gẹ́gẹ́ bí alága, àti gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti rìnrìn àjò, mo fẹ́ fi tó yín létí pé kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ yín ló ti dàrú. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn. Ẹ gbé e jù nù." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní tí omi bá tún kan àjà òun, òun á pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra òun, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ìyẹn ló dùn mí jù. Kí ló dé tí nọ́ńbà rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la tirẹ̀ ò tíì mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo wá gbé ìwé ẹ̀rọ náà jókòó. Ẹni tó kọ ọ́ ò fẹ́ràn ọmọ aráyé, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tí rọ́bà omi ti wọlé, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní fáàfù. Iná ló ń ṣí i. Tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, á pa ara rẹ̀ dé. Mo jókòó rò ó. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà Alága ló ń ṣi iṣẹ́ ṣe, tí mo bá yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kọ̀ǹpútà á sùn, omi á sì dúró. Ṣùgbọ́n tí omi bá ṣì ń wọlé nígbà tí kò sí iná lára ẹ̀rọ rárá, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn fúnra rẹ̀ ni kò lè tì mọ́.

Àárọ̀ àná ni mo dán an wò. Mo fa omi dànù, mo fi táwẹ́ẹ̀lì nu inú àgbá gbẹ, mo yọ wáyà lára iná, mo ṣí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì jókòó. Kò pẹ́ rárá. Tó. Tó. Tó. Láti yàrá, wọ́n ní, "Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ o."

Inú mi dùn, Jọ́gíráfì, bí ìgbà tí ọmọ tó gọ̀ jù ní kíláàsì bá dá ìdáhùn mọ̀. Mo tú ọmọrí ẹ̀rọ, mo rí fáàfù náà níkọ̀rọ̀, mo fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí n lè fi han àwọn tó ń tà á. Ibi tí mo dé nìyẹn tí Alága fi kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun ń gbọ́ ìró. Mo ṣàlàyé fún un: kò sí iná lára rẹ̀, omi sì ń wọlé, nítorí náà kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Tíṣà, kọ̀ǹpútà ní bátìrì nínú." Inú bí mi gidigidi. Mo dé fìlà, mo kì fóònù bọ àpò, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mò ń bọ̀, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wo àwòrán mi, ó jẹ ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀, ó wọ inú lọ, ó sì gbé irú rẹ̀ jáde. A fi í wé àwòrán, ẹnu méjì níwájú, ẹnu kan lẹ́yìn, ó bá a mu. Ó fi bébà wé e fún mi. Ó wá lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ tó dọ̀tí níbi ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri, ó sì tì í.

Bí ó ṣe tì í ni mo rántí. Mi ò ti tèmi.

Mo ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, mo sì ti lọ. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú ara mi rí i pé yíyọ iná ò dá omi yẹn dúró. Mo fi gbogbo ẹnu mi ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà fún Alága, mo sì jáde nílé bí ẹni tí kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó dún títí, wọn ò gbé e. Abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù wọn máa ń wà, wọn kì í jẹ́ kó dún ẹ̀ẹ̀mejì. Mo tún pè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wọ bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì náà sì ń dúró níbi gbogbo tí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́wọ́ sókè, àní níbi tí ẹnì kan ti kàn ń lé eṣinṣin. Omi ni mo ń rí lójú. Mo rí i tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá wọn. Mo wá rántí wáyà iná àtùpà wọn tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, èyí tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí pé màá gbé sókè. Ìgbà yẹn ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo sì sáré. Má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò mọ̀ pé mo ṣì lè sáré.

Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà Alága, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn wa. Ilẹ̀ ilé ìdáná tutù, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò sí omi níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ kí n ti ẹ̀rọ omi, kò yí. Ó ti wà ní títì, ó le gbagidi. Mo sáré wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀, aṣọ ìbora dé ọrùn, ojú sí ògiri.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò gbé fóònù?"

Wọ́n ní, "Mo sùn."

Mo padà sí ilé ìdáná, ẹ̀rù ọ̀tọ̀ wá bà mí. Ó dá mi lójú pé mo fi ẹ̀rọ omi yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo rí ọwọ́ mi tó ṣí i; mi ò rí ọwọ́ mi tó tì í. Síbẹ̀ ó wà ní títì. Ta ló tì í tí kì í bá ṣe èmi? Tí mo bá lè ti nǹkan tí mi ò sì rántí, kí ni mo tún ti ń ṣe tí mi ò rántí? Mo ronú kan ọ̀gá wa tó máa ń kọ déètì sójú pátákó, tá á sì tún yí padà wá kọ ọ́ sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀. A rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn, ìwọ àti èmi. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti borí nínú ọkàn mi. Mo ní, ó tọ̀nà, agbára mi ò ká a mọ́.

Ṣùgbọ́n fáàfù wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo wá àkísà tí màá fi gba omi, mi ò rí i níbi tí mo máa ń jù ú sí lábẹ́ síǹkì. Ojú fèrèsé ló wà. Mo fà á lọ́wọ́ kan, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mo tú rọ́bà omi, mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu fáàfù kún fún iyanrìn wínníwínní. Wáyà méjì-méjì ló wọ ara fáàfù náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ̀rù sì ń bà mí pé màá fi ti ọ̀tún sí òsì. Mo wọ yàrá lọ tọrọ òwú pupa àti òwú búlúù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n na ọwọ́ kan jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, wọ́n mú un nínú agolo wọn, wọ́n ní, "So ó kó le o. Má so ó bí okùn ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé." Pupa sí ọ̀tún, búlúù sí òsì. Mo fi ẹ̀mú tẹ òrùka irin tó de rọ́bà inú, mo tú ìdè méjì, fáàfù àtijọ́ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti ya létí, òkúta wínní kan há síbẹ̀ bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé nìyẹn, kò tó hóró ìrẹsì.

Mo de tuntun síbẹ̀. Pupa padà sí pupa, búlúù padà sí búlúù. Mo fi ọwọ́ lásán de rọ́bà omi, mo wá fi ẹ̀mú tì í síwájú díẹ̀. Mo ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀díẹ̀, mo fi bébà gbígbẹ nu ojú ìdè náà yí ká. Bébà ò tutù. Mi ò tíì fi iná sí i. Mo jókòó, mo tẹ́tí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti tọ̀ tán."

Mo fi iná sí i, mo kó aṣọ ibùsùn wọ inú rẹ̀. Ó mu omi, ó yó, ó dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yẹ kí n yọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí mi ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo gbé àkísà láti nu ilẹ̀, mo sì rí i pé ojú ìlà ká mẹ́rin ṣì wà lára rẹ̀, ó mú gẹ́gẹ́ bí ojú áyọ́ọ̀nù. Mo wá rántí bí mo ṣe bá a lójú fèrèsé: wọ́n ti fún un gbẹ, wọ́n ti ká a ní mẹ́rin, wọ́n fi igun bá igun mu. Jọ́gíráfì, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò ká àkísà rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ lórí ilẹ̀ ayé tó máa ń ká àkísà bí ẹni fẹ́ gbé aṣọ fún oníbàárà.

Mo wọ yàrá. Mo wo abẹ́ ibùsùn, bàtà sílípáàsì wọn tutù rin. Ìṣẹ́tí aṣọ tó yọ lábẹ́ aṣọ ìbora tutù.

Wọ́n ní, "Kí lò ń wò?"

Mo ní, "Mò ń wo ẹni tó sùn."

Wọ́n ní, "Ṣé kí n wá dùbúlẹ̀ síbí kí omi wá bá mi ni? Mo pè ọ́, o ti lọ. Mo gbọ́ tó ń dà sílẹ̀. Ọwọ́ mi wà lẹ́yìn ẹ̀rọ nígbà tí fóònù burúkú yẹn ń pariwo."

Mo béèrè pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń rìn. Wọ́n ní ó ti ṣe díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀. Wọ́n á di ògiri mú, wọ́n á dé ibi ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n á sinmi, wọ́n á padà. Àná yìí gan-an, nígbà tí omi ń dà, ni wọ́n kọ́kọ́ dé ilé ìdáná. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin fẹ́ kí n rìn kí ẹ lè máa wò mí. Èmi fẹ́ rìn kí n lè dé ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ọmọ àná wá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Tí mo bá fẹ́ ṣubú, ẹ jẹ́ kí n ṣubú láìsí èrò ìwòran."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n sọ fún ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní tí mo bá sọ, á ní kí wọ́n dìde kí òun rí i, á sì gbé fóònù jáde láti ya fídíò. Ohun tí wọ́n pinnu ni èyí: lọ́la, tí aago ẹnu ọ̀nà bá dún, kí n jókòó sí àyè mi. Àwọn fúnra wọn ló máa lọ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Má dìde, má dì mí lápá. Tí o bá sì pàtẹ́wọ́, Tíṣà, ìwọ ni wọ́n máa gbé lọ sílé arúgbó yẹn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ kan inú àgbá ẹ̀rọ, ó gbẹ. Síbẹ̀ mi ò lè kúrò níbí. Láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà jìn ju láti yàrá dé ilé ìdáná lọ, kò sì sí ògiri láàárín pálọ̀ tí wọ́n á dì mú, mo ti wò ó títí. Mo ti gbé wáyà àtùpà sókè. Mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀. Mo ti sún àga kan sáàárín bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀, wọ́n sì ti ní kí n gbé e kúrò. Bí mo ṣe máa jókòó lọ́la ni mi ò tíì mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ kéékèèké pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Bá mi kí ìyàwó, sọ fún wọn pé mo ṣì ń retí ìpara orúnkún tí wọ́n ṣèlérí fún ẹ̀yìn mi. Kí àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ ọmọ, kí dókítà rẹ pẹ̀lú, kó máa ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní o ò tíì wá gba ṣòkòtò tí wọ́n bá ọ gé.

Mo ń gbọ́ sílípáàsì ní yàrá báyìí, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní yíjú wò.

                                                  Èmi náà ni, tí mo di ọwọ́ ara mi mú,
                                                  Ṣọ́ọ̀kì.